Ìkéde Ìgbéyàwó Wùnmí

Ilé Àlùfáà, Òkè-Ayọ̀,
Abẹ́òkúta.
4 Oṣù Kẹjọ, 2025

Dámiláre ọmọ mi,

O kú iṣẹ́, o kú ìrọ́jú àjò. Ṣé ara rẹ le? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Òjò ti sọ ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì di odò kékeré, àwọn ẹgbẹ́ akọrin sì ti rí àwáwí tuntun fún pípẹ́ dé. Ẹsẹ̀ òsì ìyá rẹ ṣì ń wúwo díẹ̀ láti ìgbà àìsàn yẹn, ṣùgbọ́n ó ń rìn dé géètì, ó sì ń bá gbogbo ẹni tó bá da ìdọ̀tí síbẹ̀ jà, nítorí náà mo mọ̀ pé ara rẹ̀ ti ń yá.

O máa ní kí ló dé tí mo ń fi ọwọ́ kọ lẹ́tà, tí mo tún ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù, nígbà tí mo lè pè ọ́. Bí mo bá pè ọ́, nẹ́tíwọ̀kì máa ń lọ gẹ́lẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ohun tí o kò fẹ́ gbọ́. Lẹ́tà kò ní nẹ́tíwọ̀kì. Jókòó, kí o kà á tán.

Lánàá, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀, Wùnmí dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí mo ti ń bọ́ aṣọ àlùfáà. Kò dá wá. Ó mú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bándélé Ṣówándé dání, olùkọ́ ni ní Ọ̀dẹ̀dá, ìyàwó rẹ̀ ti kú láti bí ọdún mélòó kan. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀. Wùnmí ní àwọn fẹ́ ṣègbéyàwó, àti pé ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni òun fẹ́ kí wọ́n ti ṣe ìkéde rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún òun, òun ò sì ní sá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn bí ẹni tó jalè. Mo ní kí wọ́n dìde. Kò dìde, àfi ìgbà tí mo ṣèlérí pé màá kọ̀wé sí ọ.

O mọ ohun tó ń ṣe mí. Ní ọdún kòrónà, nígbà tí bàlúù kò gbé ẹnikẹ́ni wálé, a lọ ṣe ìdána Wùnmí láìsí ọ níbẹ̀. Bùọ̀dá mi Síkírù ló ṣáájú wa gẹ́gẹ́ bí àgbà ilé, Alhaji tàbí kì í ṣe Alhaji. A gbé fọ́tò rẹ sínú férémù, a fi fìlà lé e lórí, a gbé e sórí àga ọkọ ìyàwó. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ nítorí pé fọ́tò kò lè dọ̀bálẹ̀. Wùnmí mú Bíbélì àti òrùka láàárín gbogbo ẹrù, ó wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ, ó gbé ọ lé itan. Èmi ni mo gbàdúrà. Láti ìgbà náà, orí ìjókòó ìdílé wa ló ń jókòó sí. Nígbà tí ìyá rẹ dùbúlẹ̀, á gun ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó, bó bá sì dé ní ìrọ̀lẹ́, òun ló ń wẹ̀ ẹ́. Ní 2022 o ní pépà rẹ ti jáde, pé ìjọba Ìlú Ọba ti fún ọ ní ìwé ìgbélùú. A jó dé iwájú pẹpẹ láti dúpẹ́, Wùnmí ló wà níwájú. Pépà jáde, o kò ránṣẹ́ pè é, o kò sì wá. Kí lo fẹ́ kó máa rò?

Àwa ará Abẹ́òkúta yìí, ọ̀nà mẹ́ta la ní tí a ń gbà gbéyàwó: ilé ẹbí, kọ́ọ̀tù àti ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tí yóò bá gbè wá lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí a ń jiyàn là ń pè ní ojúlówó. Lórí pẹpẹ mo máa ń sọ pé ìdána kì í ṣe ìgbéyàwó. Nílé Wùnmí lọ́jọ́ yẹn, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ sì ti dá owó orí padà lójú ẹsẹ̀, ó ní òun kò ta ọmọ, nítorí náà kò sí ohun tí wọ́n lè kó padà wá fún wa kí ọ̀rọ̀ tán. Ẹnu rẹ ló kù.

Kọ ìwé sí mi pé o jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí, ni ìkéde àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta, ogúnjọ́ oṣù tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó. Mi ò fẹ́ ka orúkọ ọmọ yẹn pẹ̀lú ọkàn méjì.

Kí Olúwa pa ọ́ mọ́.

Bàbá rẹ.


18 Oṣù Kẹjọ, 2025

Dámiláre,

Mo kí ọ. O ti ka lẹ́tà mi. Àmì méjì orí fóònù yẹn ti di búlúù láti ọjọ́ tí mo fi ránṣẹ́, èmi náà ti gbọ́n tó láti mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Mo lọ bá Bùọ̀dá Síkírù fún ìmọ̀ràn. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí, ọkọ lè fẹnu sọ pé òun kọ̀ ọ́, alikáálì, adájọ́ wa, lè tú u. Ẹ̀yin fi Bíbélì so ó, ẹ ò wá mọ ohun tí ẹ ó fi tú u." Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń parí ìjà tọkọtaya nínú ìlú yìí. Bí ọmọ ẹlòmíràn bá jókòó síwájú mi, ọ̀rọ̀ á máa wá fúnra rẹ̀. Tìrẹ ni mo ń kọ, tí mo ń fagi lé, tí mo tún ń kọ.

Ìyá rẹ kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rárá. Ó ní ìyàwó òun ni Wùnmí, kò sí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ òun. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, Wùnmí kúnlẹ̀ kí i, ìyá rẹ wo ibòmíràn. Ọmọ náà kúnlẹ̀ pẹ́ níbẹ̀, gbogbo ìjọ ń wò.

Dá mi lóhùn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, mo bẹ̀ ọ́.

Bàbá rẹ.


Middlesbrough.
20 Oṣù Kẹjọ, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ kú òjò. Ẹ bá mi kí Mọ́mì, ẹ ní kí wọ́n rọra máa rìn. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó fèsì. Níbi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo tún un kà nílé, ohun tí mo fẹ́ kọ ò sì dára láti kọ sí bàbá ẹni.

Mo ṣì ní fídíò ìdána yẹn lórí fóònù mi. Mo máa ń wò ó. Ẹ̀yin lẹ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ alága, tí ẹ ní, "Ohun tí Ọlọ́run so pọ̀ lónìí, òkun kò lè pín in níyà." Òkun ò pín wa níyà, Bàbá. Olùkọ́ láti Ọ̀dẹ̀dá ló fẹ́ pín wa níyà, ẹ̀yin náà lẹ sì fẹ́ bá a ka orúkọ rẹ̀ sókè.

Èmi kọ́ ni mo ní kí ẹ fi fọ́tò mi ṣe nǹkan kan. Ẹ ní ọjọ́ ń lọ. Mọ́mì ní bí a ò bá tètè ṣe é, ẹlòmíràn máa gbé e. Mo gbà nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì gba yín gbọ́. Nígbà tó wù yín, ìgbéyàwó ni. Nígbà tí kò wù yín mọ́, ìdána lásán ni.

Mo ń bọ̀ nílé ní Kérésìmesì. Ẹ sọ fún Wùnmí kó ní sùúrù díẹ̀ sí i. Ẹ má ka ìkéde yẹn. Ẹ̀yin ni àlùfáà ibẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ìdí kan tí kò fi yẹ kí ẹ kà á, ìdí náà wà nílẹ̀. Èmi ni ìdí náà.

Ọmọ yín,
Dámiláre.


25 Oṣù Kẹjọ, 2025

Dámiláre ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì gba gbogbo ìbínú rẹ. Díẹ̀ nínú rẹ̀ tọ́ sí mi.

Mo kà á. Lánàá, lẹ́yìn ìfilọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ìyá, mo kéde ìgbéyàwó tó ń bọ̀ láàárín Bándélé Ṣówándé, ọkùnrin tí aya rẹ̀ ti kú, àti Wùnmí Ṣófọlá, wúńdíá, ọmọ ìjọ yìí. Nígbà tí mo pe "wúńdíá" yẹn, ẹnìkan kùn láàárín àwọn akọrin. Àwọn kan náà ni wọ́n jẹ ìrẹsì ìdána rẹ̀. Mo béèrè bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí kan. Kò sẹ́ni tó fọhùn, ṣùgbọ́n gbogbo orí ló yí sọ́dọ̀ ìyá rẹ, ìyá rẹ sì tẹjú mọ́ ìwé orin tí kò ṣí.

Nípa ti Kérésìmesì, o sọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún kejì tí o lọ, o tún sọ ọ́ lẹ́yìn ìdúpẹ́. Kérésìmesì tìrẹ kì í dé Abẹ́òkúta. Ọmọ tó fi ìgbà èwe rẹ̀ retí rẹ ti ń gé ewú nínú irun báyìí. O ní kó ní sùúrù. Ta ló ní sùúrù tó Wùnmí nínú gbogbo wa?

Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan, kí o má sì yí i. Ọmọ Ìyá Olúkẹ́mi inú ìjọ wa, èyí tó wà lọ́hùn-ún, sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun rí ọ ní ṣọ́ọ̀bù kan pẹ̀lú obìnrin àti ọmọ kékeré. Ṣé o ti ní ìyàwó níbẹ̀? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, sọ ọ́. Mo ti gbọ́ ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu àwọn ọmọ ìjọ, mi ò sì ṣubú. Ohun tí mi ò lè fara dà ni pé kí o há obìnrin kan mọ́ Abẹ́òkúta, kí o máa gbé pẹ̀lú òmíràn lọ́hùn-ún. Bí mo bá ń tọ́jú irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ fún ọ, kí ni mò ń gun pẹpẹ lọ ṣe?

Ìkéde kejì ku ọjọ́ díẹ̀. Mò ń retí rẹ.

Bàbá rẹ.


30 Oṣù Kẹjọ, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé.

Ìyá onílé mi ni obìnrin tí wọ́n rí. Mo bá a gbé ẹrù, ọmọ ọmọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé wa. Mi ò ní ìyàwó kankan níbí. Ẹ gba ọ̀rọ̀ Ìyá Olúkẹ́mi gbọ́ kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ mi, ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo wo ìsìn yẹn lórí Fesibúùkù. Ẹ ò mọ̀ pé mo máa ń wò yín. Mo rí ẹ̀yìn orí Wùnmí. Ó ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi. Mo rí ẹ̀yin náà bí ẹ ṣe wúkọ́ kí ẹ tó pe orúkọ rẹ̀.

Mi ò ní kọ ìwé kankan. Ẹ ní kí n fi ọwọ́ ara mi tú ohun kan ṣoṣo tí mo ní nílé. Bí ẹ bá jẹ́ bàbá mi kí ẹ tó jẹ́ àlùfáà wọn, ẹ dìde lọ́jọ́ ìkéde kẹta, kí ẹ gbẹnu mi sọ̀rọ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Dámiláre.


8 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Dámiláre,

O ní kí n dìde. Mo dìde.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ fún ọ, nítorí mo gbọ́ pé ẹ̀rọ tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gbé ìsìn sórí Fesibúùkù bà jẹ́ lánàá, o kò sì ní rí i. Mo ti bínú sí lẹ́tà rẹ títí ìbínú fi rẹ̀ mí. Mo wá rò ó pé èmi ni mo gba ọmọ yẹn lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kì í ṣe ìwọ. Bí ìwọ kò bá jọ̀wọ́ rẹ̀, èmi á jọ̀wọ́ rẹ̀ níbi tí gbogbo èèyàn á ti gbọ́, kí ẹnu àwọn akọrin lè pa dé. Mo fi ìsìn lé Olúwatósìn lọ́wọ́, àlùfáà kékeré tí wọ́n gbé wá ràn mí lọ́wọ́. Mo wọ agbádá lásán, mo lọ jókòó ti ìyá rẹ.

Nígbà tí Olúwatósìn ka ìkéde kẹta, tó béèrè bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí kan, mo dìde. Mo ní, "Èmi ni mo ní ọ̀rọ̀. Gbogbo yín mọ̀ pé mo gba ọmọ yìí ṣe aya fún ọmọ mi, fọ́tò la fi gbà á. Lónìí, mo jọ̀wọ́ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run àti níwájú yín. Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ìyàwó oníyàwó mọ́." Wọ́n ṣe àmín. Àwọn obìnrin kan nu ojú. Mo jókòó, ara mi fúyẹ́, mo rò pé iṣẹ́ ńlá ni mo ṣe. Ìyá rẹ ti dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo wá rí i pé Olúwatósìn kò tẹ̀síwájú. Ó dúró pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó ń wò mí bí ẹni tí ehín ń ro. Lẹ́yìn ìsìn ló wá bá mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀, a gbọ́dọ̀ dá ìgbéyàwó náà dúró títí Bíṣọ́ọ̀bù á fi wádìí." Ọmọ náà ò parọ́. Ìwé Àdúrà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì ti fi kọ́ àwọn àlùfáà kéékèèké kí wọ́n tó bí Olúwatósìn. Bí mo bá ti dákẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá ti kọjá. Èmi ni mo jẹ́rìí níwájú gbogbo ìjọ pé a ti gbà á ṣe ìyàwó, mo rò pé mò ń tú u sílẹ̀, mo tún so ó mọ́lẹ̀.

Mo pe Bíṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí. Wọ́n fi sùúrù bá mi sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kójú tì mí. Wọ́n ní jíjọ̀wọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi, èmi kọ́ ni ọkọ. Kí ọmọ mi kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òun kò ní ẹ̀tọ́ kankan lórí obìnrin náà. Bí wọn ò bá rí i gbà kí ogúnjọ́ tó pé, kò ní sí ìgbéyàwó.

Wùnmí kò bá mi jà. Ó dúró tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní, "Bàbá, mo mọ̀ pé ire lẹ fẹ́ ṣe," ó sì lọ. Bándélé náà kò bínú, ó kàn ń gbọn omi òjò kúrò lára fìlà rẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló wá láti Ọ̀dẹ̀dá ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàwó ẹlòmíràn ni ọmọ wọn fẹ́ gbé wọlé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù.

Ohun tí o fẹ́ ni mo ṣe fún ọ láìmọ̀. Ọwọ́ rẹ ló kù sí báyìí. Má fi ìyà àṣìṣe mi jẹ ọmọ yẹn.

Bàbá rẹ.


13 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Dámiláre ọmọ mi,

Mo kí ọ. O ti kà á, mo ṣì ń retí ìwé rẹ.

Ìyá rẹ jáde lánàá láìsọ fún mi. Ó gbé ẹsẹ̀ tó ń wúwo yẹn lọ sí ilé Wùnmí. Ọmọ náà kò lọ síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé, ó ní òun kò fẹ́ kí àwọn tí wọ́n jọ ń wọ ọkọ̀ ojú irin máa wo ojú òun. Mi ò mọ ohun tí àwọn méjèèjì sọ. Nígbà tí ìyá rẹ dé, ó jókòó sí kíṣìnì láìtan iná, ó ní kí n kọ ọ́ sí ọ bí òun ṣe sọ ọ́ gan-an: "Sọ fún Dámiláre pé èmi ni mo ní kí wọ́n fi fọ́tò ṣe é. Kó máa bínú sí mi. Kó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

Mo ti kọ ọ́.

Bàbá rẹ.


Middlesbrough.
15 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà mi.

Ẹ ya ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé èyí sọ́tọ̀ fún Bíṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n má kà á sókè nínú ìjọ, mo bẹ̀ yín.

Èmi, Dámiláre Akínrẹ̀mí, kò ní ẹ̀tọ́ kankan lórí Wùnmí Ṣófọlá. Ìdána tí a ṣe kò di ìgbéyàwó. Mo jọ̀wọ́ rẹ̀ tinútinú.

"Tinútinú" yẹn kì í ṣe òótọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n á fẹ́ rí i níbẹ̀.

Èyí tó kù, ẹ̀yin nìkan ni mo ń kọ ọ́ sí. Pépà mi kò jáde, Bàbá. Kò jáde rí. Lọ́jọ́ tí mo bá Mọ́mì sọ̀rọ̀ ní 2022, agbẹjọ́rò ló ní ó máa tó jáde, mo sì sọ ọ́ fún Mọ́mì bó ṣe sọ ọ́ fún mi. Mọ́mì pariwo, wọ́n fi fóònù sílẹ̀, wọ́n ń sáré ká ilé. Kí n tó pè padà, ẹ ti dá ọjọ́ ìdúpẹ́. Mo wò yín lórí Fesibúùkù, gbogbo ilé wa ń jó, Wùnmí wà níwájú nínú aṣọ funfun, ẹ̀yin sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mi ò lè sọ ọ́ mọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìjọba wọn kọ̀wé pé àwọn ò gbà mí. Mo tún bẹ̀ wọ́n, wọ́n tún kọ̀.

Ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Orúkọ ọ̀rẹ́ mi kan, Usamah, ni mo fi ń ṣe é, nítorí pé òun ní pépà. Usamah ni gbogbo wọn ń pè mí níbẹ̀, mo sì ti ń dáhùn kí n tó ronú. Bí mo bá wálé, mi ò ní lè padà. Bí mo bá dúró, mi ò lè mú ẹnikẹ́ni wá. Wùnmí nìkan ló ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tó ń pe orúkọ mi pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìwà ìmọtara-ẹni-nìkan ni, mo mọ̀.

Ẹ má sọ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má sọ fún un rárá. Ó rò pé pépà wà lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ mo kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa rò ó bẹ́ẹ̀. Bó bá gbọ́ òótọ́, ó máa dá ìgbéyàwó yẹn dúró, ó máa ní òun á dúró dè mí. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kó máa pè mí ní ìkà, kó sì lọ sílé ọkọ.

Ọmọ yín,
Dámiláre.


21 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Dámiláre ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi ìkíni bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà láìrò ó. Lónìí mo rò ó.

Bíṣọ́ọ̀bù gba ọ̀rọ̀ rẹ. Kò sẹ́ni tó kà á sókè.

Láti ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ ti dé ni mo ti ń ronú sí ìdúpẹ́ yẹn. Mo ti wàásù rẹ̀ fún ìjọ láìmọye ìgbà pé kí wọ́n máa dúpẹ́ ṣáájú ohun tí wọn ò tíì rí. Èmi dúpẹ́, mo jó, ọmọ mi sì ń wò mí láti inú yàrá tí kò sí ohun tí mò ń dúpẹ́ fún. Láti ìgbà náà ni mi ò gbàdúrà fún pépà rẹ mọ́, mo rò pé àdúrà ti gbà. Ìyẹn ń dùn mí ju irọ́ náà lọ. Mi ò tíì sọ fún ìyá rẹ. Ìwọ ni kí o sọ ọ́ fún un, kí o sì pè é, má kọ ọ́. Bí ibẹ̀ bá ti sú ọ, máa bọ̀ nílé. Bí o bá fẹ́ dúró gbìyànjú sí i, dúró, ṣùgbọ́n má dúró nítorí ojú tí àwa yóò fi wò ọ́. Yàrá rẹ wà. Ìwé àti àga tó kán ni mo kó síbẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ò lè kó jáde.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, Wùnmí wá kí wa. Ìyá rẹ gbé oúnjẹ fún un, wọ́n jẹ ẹ́ pọ̀. Nígbà tí mo sìn ín dé ẹnu géètì, ó dúró, ó ní, "Bàbá, kí ni mo ṣe fún Dámiláre tí kò fi fẹ́ mi?"

Lẹ́tà rẹ wà lórí fóònù nínú àpò mi. Dámiláre, mo fẹ́ fà á yọ. Obìnrin náà ti gbé ìbéèrè yẹn kiri fún ọdún mẹ́ta, ìdáhùn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ mi sì ni láti máa sọ òótọ́ fún àwọn èèyàn. Mo ní, "Kò sí ohun tí o ṣe." Ó ń wò mí, ó ń retí ìyókù. Mi ò fún un ní ìyókù. Ó ní ó dáa, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ.

Mi ò jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ gbé ìsìn náà sórí Fesibúùkù. Mi ò fẹ́ kí o wò ó nìkan.

Lánàá mo dúró níwájú àwọn méjèèjì. Mo ka ohun tó wà nínú Ìwé Àdúrà, mo béèrè pé bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí kan tí a kò fi lè so wọ́n pọ̀, kó sọ ọ́ nísinsìnyí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó dákẹ́ títí láé. Èmi nìkan ni mo ní ohun tí mo lè sọ nínú gbogbo ìjọ. Mo dákẹ́, mo sì so wọ́n pọ̀.

Bàbá rẹ.